Orúkọ Mọ́kànlá ní Bodè Sẹ̀mẹ̀

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo kanlẹ̀kùn ilé ìyá mi ní Àpòmù láti wá mú ọmọ mi. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Ìkùukù bo títì débi pé ọlọ́kadà tó gbé mi wá láti Ìkirè ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ìyá mi ti jí tipẹ́. Wọ́n ti wẹ ọmọ, wọ́n ti fi òrí pa á lára, wọ́n sì ti wọ súwẹ́tà méjì fún un lórí ara wọn, ṣùgbọ́n oorun kò tíì kúrò lójú rẹ̀. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó dijú, ó ń mì síwá sẹ́yìn.

"Àǹtí," ó pè mí, "ṣé ilẹ̀ ti mọ́ níbi tí à ń lọ?"

Mo ní kò tíì mọ́. Ó ní kí ló wá dé tí à ń kánjú.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Àǹtí yìí, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìrìn àjò wa padà. Èmi ni mo bí Mọrẹ́nikẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Èmi sì ni àgbà nínú àwọn ọmọ ìyá mi. Àǹtí ni àwọn àbúrò mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń pè mí. Nígbà tí mo já ọmọ lẹ́nu ọmú, wọ́n gbé iṣẹ́ tíṣà mi lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ararọ̀mí-Òwu, níbi tí ọlọ́kadà pàápàá ti máa ń sọ pé kí èèyàn bọ́ sílẹ̀ kó bá òun tì í. Mo fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá mi. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn àbúrò mi ni òun náà ń pè mí. Ìyá mi ni Màmá, èmi ni Àǹtí. Kò sí ẹni tó rí àléébù níbẹ̀ ní Àpòmù, nítorí ilé mélòó ni kò rí bẹ́ẹ̀?

Wọ́n ti dá mi padà sí Ìkirè láti bí ọdún kan ààbọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ ìyá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n mú ọmọ lọ sọ́dọ̀. Èsì kan náà ni wọ́n ń fọ̀ fún mi: "Ọjọ́ tí òun fúnra ẹ̀ bá mọ̀ pé òun ní ìyá ní Ìkirè, ẹ ó lọ." Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọmọ tí mo bí, mo ń tọrọ rẹ̀ bí ẹni ń tọrọ odó lọ́wọ́ ará ilé kejì. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ìrìn àjò yìí ju bí mo ṣe fẹ́ rí ọkọ mi lọ, kí ó má gbọ́. Mo ní bí èmi àti ọmọ bá jọ wà lójú ọ̀nà fún ọjọ́ méje, láìsí ìyá mi níbẹ̀, bóyá yóò mọ̀ mí.

Ọkọ mi, Gàníyù, ń tẹ́ táìsì sílẹ̀ ilé. Láti ọdún tó kọjá ló ti wà ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní Pọ́tónófò, níbi tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ ilé ńlá kan fún òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ìsinmi Kérésì ni a fẹ́ fi lọ kí i. Mo ti gba ìwé ìrìnnà fún èmi àti ọmọ. Orúkọ bàbá mi, Ògúndélé, ló wà lára tèmi, torí òun ló wà lára gbogbo ìwé ẹ̀rí mi, mi ò sì fẹ́ wàhálà ìyípadà. Làsísì, orúkọ bàbá ọkọ mi, ló wà lára ti ọmọ. Mo kó méjèèjì sínú ọ̀rá kan pẹ̀lú ìwé ìbí àti káàdì abẹ́rẹ́. Mo ṣe é dáadáa bí tíṣà, mo sì yangàn.

Ní gáréèjì Ìkirè, àwọn oníṣòwò dòdò ti tò sẹ́bàá títì. Mo ra ìdì mẹ́wàá ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ìdì kan, nítorí ọkọ mi ti kìlọ̀ pé bí òun kò bá rí dòdò Ìkirè lọ́wọ́ mi, kí n má wulẹ̀ wọlé. Ẹ̀yin ará ilé mọ̀ ọ́n: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí wọ́n gún mọ́ ata, tí wọ́n dín nínú epo títí tó fi dúdú. Àlejò tó bá rí i kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Àlejò tó bá tọ́ ọ wò kì í fẹ́ fi sílẹ̀.

Alájì Múfú ló ni mọ́tò tó ń ná Sẹ̀mẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ló gbà lórí èmi, ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lórí ọmọ, ó ní torí pé ìdajì ọ̀nà ni yóò fi jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a máa fi dé Aṣèjíré, ojú ọ̀run ti ń funfun. Ìkùukù jókòó sórí omi adágún ibẹ̀, a kò rí òdìkejì. Mọrẹ́nikẹ́ la ojú, ó wò ó, ó ní ṣé ẹnì kan ń se oúnjẹ lábẹ́ omi ni, ó sì tún sùn lọ kí n tó dá a lóhùn. Ó pẹ́ kí ojú mi tó kúrò lára omi yẹn.

Alájì ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Tíṣà, kí lẹ ti kọ́ ọmọ yìí?"

"Lórí kí ni, Alájì?"

"Lórí bọ́dà ni o. Àwọn èèyàn yẹn máa ń bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́sí, wọ́n sọ ìyá kan kalẹ̀ nínú mọ́tò mi, torí súnéèmù òun àti ọmọ ẹ̀ ò bára mu. Ọmọ inú ẹ̀ o."

"Alájì, ọmọ mi rèé. Ẹ wo imú ẹ̀, ẹ wo tèmi. Ṣé imú náà ni mo jí ni?"

Ẹ̀rín sọ láàárín èrò. Alájì kò rẹ́rìn-ín. "Wọn kì í wo imú, Tíṣà. Ìwé ni wọ́n ń wò. Make una just prepare am." Mo ní a ti gbọ́. Kí ni mo fẹ́ kọ́ ọmọ tí mo bí nípa ẹni tó bí i?

Mi ò ní pẹ́ lórí Ìbàdàn àti Èkó, ẹ mọ ibẹ̀ jù mí lọ. Lẹ́yìn tí a kọjá Èkó, ọ̀nà Badágírì yí padà mọ́ wa lójú. Níbi kan ó tẹ́jú, níbi kan ó dà bí ẹni pé wọ́n gbàgbé láti parí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò pọ̀ lọ́nà náà ju ọjà lọ: a sáré díẹ̀, wọ́n dá wa dúró, wọ́n wo ojú wa, a tún sáré díẹ̀. Igi àgbọn ń kọjá níbi fèrèsé, gbogbo wọn sì tẹ̀ sí apá kan. Nígbà tó yá, mo rí òkun láàárín wọn, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ojú ọ̀run nítorí ọyẹ́, débi pé mi ò mọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Mọrẹ́nikẹ́ gbé orí lé àyà mi, ọwọ́ rẹ̀ wà létí mi, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Mo ń gbàdúrà nínú pé kí ọ̀nà náà má tètè tán.

Aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀ la dé bodè. Èrò pọ̀, ẹrù pọ̀, ariwo Yorùbá, Ègùn, Faransé àti Píjìn dàpọ̀ mọ́ra wọn. Yàrá kékeré kan ni a wọ̀, fáànù kan ń yí lókè láìfẹ́ atẹ́gùn. Ọ̀gá aṣọ́bodè kan, obìnrin, ló jókòó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹgbẹ́ àbúrò mi kejì, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ gún régé. Ó wo ìwé mi, ó wo ti ọmọ, ó tún padà sí tèmi.

"Ẹ kú ìrìn, mà. Ògúndélé nìyí. Làsísì nìyí. Kí lẹ jẹ́ síra yín?"

"Ọmọ mi ni."

Ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ́rìn-ín sí ọmọ. "Báwo ni, ọmọ dáadáa? Ta ni wọ́n sí ẹ?"

"Àǹtí mi ni," Mọrẹ́nikẹ́ dáhùn, ó sì kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, torí pé wọ́n kọ́ ọ nílé.

"Ta ló wá ni ẹ́?"

"Màmá ni."

"Níbo ni Màmá wà?"

"Wọ́n wà ní Àpòmù. Wọ́n á máa bọ́ adìyẹ báyìí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: abúlé, ọmú, àwọn àbúrò mi mẹ́rin. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń dà bí irọ́ létí èmi tí mò ń sọ ọ́. Mo fa ìwé ìbí yọ. Ó kà á. "Fúnmiláyọ̀ Làsísì ni wọ́n kọ síbí gẹ́gẹ́ bí ìyá. Fúnmiláyọ̀ Ògúndélé lẹ̀yin. Fúnmiláyọ̀ mélòó ló wà nílẹ̀ Yorùbá, mà? Ìwé ìgbéyàwó ńkọ́?"

Kò sí. Ìdáná la ṣe, àwọn Alfa sì so yìgì. A kò dé kóòtù. "Lẹ́tà látọ̀dọ̀ bàbá ọmọ ńkọ́?" Kò sí. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù, kò lọ, obìnrin inú ẹ̀rọ sì ń fi Faransé dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni pé ayé dára.

Inú bí mi. Mo ní ṣé mo jọ gbọ́mọgbọ́mọ ni? Ọ̀gá náà kò gbé ohùn sókè. "Mà, mi ò sọ pé ẹ jí ọmọ. Àmọ́ àwọn tó ń jí wọn kọjá níbí, 'ọmọ mi ni' làwọn náà ń sọ. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló mú Mọrẹ́nikẹ́ yìí wá láìjẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa fẹ́ kí n kàn ní kó máa lọ?"

Mo rántí ara mi lóṣù kẹsàn-án tí ilé-ìwé máa ń wọlé, tí mo bá gbé ìwé orúkọ kíláàsì sílẹ̀, tí mò ń jágbe mọ́ àwọn ìyá: "Kí ló dé tí orúkọ ọmọ yìí ò bá tiyín mu? Ẹ lọ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó padà wá!" Obìnrin kan tiẹ̀ wà tí mo dá padà sí ilé lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò bi í rí pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Alájì Múfú yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò mí, ó wo ọ̀gá. "Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ fún yín?" Síbẹ̀ ó sọ ẹrù wa kalẹ̀ sábẹ́ igi, ó sì jókòó tì í, ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú.

Ọ̀gá ní kí n pe Màmá tó wà ní Àpòmù. Inú mi dùn. Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ó gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Fúnmiláyọ̀ sí yín?"

"Ọmọ mi ni. Kí ló ṣe é?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá. Mọrẹ́nikẹ́ ńkọ́?"

"Ọmọ mi ni! Ẹ gbà mí, ṣé mọ́tò dànù ni?"

"Mọ́tò ò dànù, Màmá. Ara wọn le. Ta ló bí Mọrẹ́nikẹ́ gan-an?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Mo ní ọmọ mi ni. Ta ló fẹ́ bí i tó kọjá ilé yìí?"

Ọ̀gá wò mí. "Ó wá di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mà."

Mi ò lè bínú sí ìyá mi. Ní ilé wa, ìyá àgbà kì í pe ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ọmọ ọmọ létí ará ìta. Ó dà bí ẹni ń tì í sẹ́yìn. Ìfẹ́ ló fi dáhùn, ìfẹ́ náà ló sì ń tì mí sí ẹ̀wọ̀n. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo sunkún. Mi ò mọ̀ bóyá bodè ló ń pa mí lẹ́kún àbí ọdún mẹ́fà. Mọrẹ́nikẹ́ wá, ó fi etí súwẹ́tà rẹ̀ nù mí lójú, ó ní, "Àǹtí, ẹ má sunkún, a máa rí i." Mi ò mọ ohun tó rò pé ó sọnù.

Ọ̀gá ń wo àwọn igi àgbọn níta. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, ó dà bí ẹni tó wà ní ilé tirẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ yìí lórúkọ, ta ló ń kọ orúkọ sílẹ̀?"

"Bàbá mi ni." Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, kò sì sí ìsọmọlórúkọ kan ládùúgbò tí wọn kì í gbé bírò fún un. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti papò dà.

"Ìwé náà ńkọ́?"

Ìyá mi gbọ́ ọ láti inú fóònù. "Ó wà nínú àpótí mi! Ìwé bàbá ẹ, mo fẹ́ sọ ọ́ nù ni?" Ni wọ́n bá sáré lọ pe ìyàwó Pásítọ̀ tó wà ní ilé kejì, torí pé fóònù tiwọn kò ní kámẹ́rà tó dáa. Kò pẹ́, àwòrán náà wọlé. Ọ̀gá gbé fóònù náà sápá ọ̀dọ̀ tirẹ̀ kí n má rí i.

"Ẹ máa kà á fún mi, mà. Orúkọ, àti ẹni tó sọ ọ́."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ bó ṣe rí. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló máa ń wá sọ ọ́. Mo di ojú. Mo rí àgbàlá ìyá mi, àga tí a yá, bàbá mi nínú agbádá àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìwé ọmọ ilé-ìwé lórí itan wọn.

"Mọrẹ́nikẹ́, ìyá mi ló sọ ọ́. Ràṣídátù, bàbá ọkọ mi. Alfa ló pè é sí i létí. Àdùnní, ìyá ọkọ mi. Ọmọ́wùmí, àbúrò mi tó wà ní Ifẹ̀. Títílọpẹ́, onílé wa ìgbà yẹn, tó ní kí a yọ owó tí òun fi sọ ọ́ nínú owó iná oṣù náà. Àṣàkẹ́, ìyàwó àgbà agboolé ọkọ mi. Fẹ́hìntọlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Olúwadámiláre, ọ̀gá ilé-ìwé wa. Mosúnmọ́lá, ọkọ mi fúnra ẹ̀."

Mo dúró. Ìka ọ̀gá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí fóònù.

"Ìtùnú," mo ní. "Bàbá mi ló sọ ọ́, torí èyí tí mo kọ́kọ́ bí kò dúró."

Fáànù ń yí. Mọrẹ́nikẹ́ ti sún mọ́ mi, ẹnu rẹ̀ là. "Ṣé èmi nìkan ni mò ń jẹ́ gbogbo ìyẹn?"

"Ó ku ọ̀kan," mo ní. "Tèmítọ́pẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́."

Ọ̀gá gbójú sókè. "Mẹ́wàá ló wà níbí, mà. Kò sí Tèmítọ́pẹ́."

Ẹ̀rù bà mí. Ó kù díẹ̀ kí èmi fúnra mi rò pé mo lá àlá rẹ̀ ni. Inú yàrá ni mo wà lọ́jọ́ náà, mò ń fún ọmọ lọ́mú, àwọn àlejò sì ń sọ orúkọ níta, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Kò sí ẹni tó bi mí. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ pín oúnjẹ ni bàbá mi wọlé, tí wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ pè é?" Mo sọ ọ́ fún wọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó pe orúkọ yẹn mọ́, èmi náà kò pè é.

"Ẹ ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé kejì," mo ní. "Ó lè jẹ́ pé ojú ìwé ti kún."

Ìyá mi ṣí i. Àwòrán kejì dé. Ọ̀gá wò ó pẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó yí fóònù náà sí mi. Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá mi ni, tó tẹ̀ bíi ti kóòtù, pẹ̀lú ìlà tí wọ́n fi rúlà fà sábẹ́ rẹ̀: *Tèmítọ́pẹ́ — láti ẹnu ìyá ọmọ, Fúnmiláyọ̀ Ògúndélé.*

Bàbá mi kò pè mí ní Làsísì rí. Wọ́n ní àwọn kò bínú sí ọkọ mi, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn fi san owó ilé-ìwé mi ni àwọn mọ̀. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo fọwọ́ kan ojú fóònù náà, mo ní, "Bàbá, ẹ ṣé."

Ọ̀gá kọ nǹkan sínú ìwé ńlá rẹ̀, ó ya àwòrán ìwé wa, ó sì lu òǹtẹ̀. "Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ bàbá ọmọ kẹ́ ẹ tó padà, mà. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní irú bàbá tẹ́ ẹ ní." Mo dìde kí n lè dúpẹ́. Dípò rẹ̀, mo rí i pé mo ti ń bẹ̀ ẹ́ torí bí mo ṣe bínú sí i. Ó ní kò burú. Alájì gbé ẹrù wa dé ibi tí wọ́n gbà á láyè dé, ó sì gba ìdì dòdò kan láìtọrọ rẹ̀.

Okùn kan ni wọ́n ta dí títì níbẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ dúró, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní níbo ni ìlà náà wà, èyí tó pín ilẹ̀ sí méjì. Mo ní kò sí ìlà. Iyanrìn kan náà ni, igi àgbọn kan náà ni, atẹ́gùn òkun kan náà ló sì ń fẹ́ sí wa láti ẹ̀gbẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè gan-an nígbà tó ń kọjá, kó má baà tẹ nǹkan tí a kò rí.

Ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà, ìyẹn owó tibẹ̀, ni takisí gbà lórí wa dé Àjàṣẹ́. Lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń ta bẹntiróòlù nínú ìgò ńlá bíi ti ẹni ń ta epo pupa. Ọ̀kadà ni wọ́n ń pè ní zémíjàn, tó túmọ̀ sí "gbé mi kíákíá" ní èdè Fọ̀n, ṣùgbọ́n èyí tó gbé wa wọ àdúgbò rọra ń lọ, nítorí ẹsẹ̀ Mọrẹ́nikẹ́ kò tó ilẹ̀. Ìyá onílé tí ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní "Kúàbọ̀!" Mo ní Yorùbá ni wọ́n ń sọ; ọkọ mi ní Ègùn ni, àwọn náà ń fi kí àlejò. Wọ́n gbé àkàsà síwájú wa, ẹ̀kọ ni lójú mi, àfi pé ó kan díẹ̀, ẹja yíyan àti ata gígún ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ọkọ mi jẹ dòdò Ìkirè mẹ́ta kó tó bi wá bí ara wa ṣe rí. Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó fi àwo sílẹ̀, kò jẹ èyí tó kù.

Ọjọ́ mẹ́fà la lò. Ìlú náà ní ilé àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ pupa kọ́, àwọn èèyàn rẹ̀ sì máa ń sùn lọ́sàn-án bí ẹni pé wọ́n gba ìwé àṣẹ. A máa ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní lábẹ́ igi, èmi àti ọmọ. Mo ń kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tí Alájì ní kí n kọ́ ọ. "Pè mí ní Màmá." Á dìde jókòó kíákíá: "Ṣé bọ́dà ti dé ni?" Mo ní rárá. "Ó dáa. Àǹtí, ẹ tún ka orúkọ mi." Mo sì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí oorun fi ń gbé e lọ. Kì í sùn kó tó gbọ́ ti ìkẹyìn.

Ọjọ́ keje la padà. Ọkọ mi ti kọ lẹ́tà, ó fọwọ́ sí i, ó sì lẹ̀ fọ́tò tirẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan la bá nínú yàrá náà lọ́tẹ̀ yìí. Bí mo ṣe ń tú ọ̀rá ìwé lórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí Mọrẹ́nikẹ́, ó bi í ní nǹkan. Mo rí i tí ọmọ náà dáhùn. Ariwo ọkọ̀ akẹ́rù níta kò jẹ́ kí n gbọ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wò mí, ó sì lu òǹtẹ̀ láìka lẹ́tà tán. Mo bi Mọrẹ́nikẹ́ pé kí ló sọ fún un. Ó ní òun ò ní sọ.

Mọrẹ́nikẹ́ sùn láti Badágírì dé Ìbàdàn. Mo ro ọ̀pọ̀ nǹkan lójú ọ̀nà yẹn. Mo ní bí ilé-ìwé bá wọlé, màá wá ilé obìnrin tí mo dá padà lẹ́ẹ̀mejì yẹn lọ, màá bẹ̀ ẹ́. Ìwé ń sọ òótọ́, ó sì dára kí èèyàn tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ ojú kan ṣoṣo ni ìwé kan ní, ọmọ sì ń jẹ́ orúkọ mọ́kànlá. Ní ti Àǹtí, mo ti gbà. Bó bá ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí tí mo fi hewú, màá máa jẹ́ ẹ.

Ìrọ̀lẹ́ la wọ Àpòmù, èéfín oúnjẹ alẹ́ ti ń dàpọ̀ mọ́ ọyẹ́. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dájú pé wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́, torí adìyẹ ti sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí wọ́n jókòó lé. Mọrẹ́nikẹ́ sáré, ó gbá wọn mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn òkun, okùn àti bẹntiróòlù inú ìgò.

"Wọ́n tún bi ọ́ ní bọ́dà?" ìyá mi ní.

"Wọ́n bi mí. Wọ́n ní ta ló ni mí. Mo ní Màmá ló ni mí."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ pa á lórí. Mo wo ibòmíràn.

"Wọ́n wá ní, Àǹtí ńkọ́? Ta ló ni wọ́n?" Ó tọ́ka sí mi láìwo ẹ̀yìn. "Mo ní èmi ni mo ni wọ́n."

Ìyá mi dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Mo rò pé oúnjẹ ni wọ́n lọ bù fún wa. Báàgì gbogbo aṣọ Mọrẹ́nikẹ́ ni wọ́n gbé jáde, wọ́n ti dì í fún Ìkirè, ìwé bàbá mi sì wà lókè rẹ̀.